Ẹṣin bàbá mi ń kọ ẹ̀yìn sí mi, kí ni mo lè ṣe kí òun àti èmi lè gbọ́ra yé?

Àbẹ̀kẹ́ Yàgbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìsánlú ni mo wà. Nígbà tí bàbá mi jẹ oyè, àwọn ẹbí dá owó jọ ra ẹṣin fún wọn, akọ, pupa, tó ní funfun níwájú orí. Wọ́n gùn ún yí ìlú lọ́jọ́ ìwúyè, tọmọdé tàgbà bá a ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ó di ohun tí a so mọ́ ìdí máńgòrò. Ọmọkùnrin ará Sókótó kan ló ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti padà sílé lọ dáko. Orúnkún ò jẹ́ kí bàbá gùn ún mọ́. Ó wá ku èmi.

Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, á pa etí dé sẹ́yìn, á yí ìdí sí mi. Tí mo bá na ọwọ́ sí orí rẹ̀, á ju orí sókè, á fa okùn. Àwọn aládùúgbò ní kí n wá pàṣán. Àbúrò bàbá mi ní kí a tà á fún àwọn tó ń pa á jẹ. Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kékeré tí ò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń jókòó sórí odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa jẹ àgbàdo tirẹ̀, ẹṣin yìí kan náà á sì na ọrùn wá gbọ́ òórùn irun orí rẹ̀.

Kí ni ọmọ yẹn ní tí èmi ò ní? Kì í ṣe gígùn ni mò ń wá o. Mo kàn fẹ́ kó yé e pé èmi kì í ṣe ọ̀tá.

Jagunlabí Kàbbà

Ẹ tà á jàre. Ẹṣin kì í ṣe ẹran tiwa. Àwọn baba ńlá wa nílẹ̀ yìí, tí wọ́n bá gbọ́ ìró pátákò ẹṣin, orí òkè ni wọ́n ń sá lọ. Ẹṣin ni Tápà ń gùn wá kó wa lẹ́rú ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti níbí, Bídà la sì ń sin títí di 1897 tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi wá lé wọn kúrò ní Kàbbà ní oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n tó kọjá lọ bá wọn jà ní Bídà fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àárín àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú wa àtijọ́ wà? Ẹṣin ò lè gun àpáta ni. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́?

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin Ilọrin

Jagunlabí, ẹni tó wà lórí ẹṣin ni kí ẹ bá ṣẹjọ́. Ẹṣin ò mọ Bídà yàtọ̀ sí Ìsánlú.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ìdáhùn yín ti wà nínú ohun tí ẹ kọ. Ẹ wo ọmọ yẹn dáadáa. Ó jókòó, ara rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló wà, kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Àgbàdo ló ń wò, kì í wo ẹṣin lójú. Kò sì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ń bọ̀ tààrà láti iwájú, ojú yín wà lójú rẹ̀, ẹ na ọwọ́. Láàárín ẹranko, bí ẹkùn ṣe ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ sísá. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó ń rí nǹkan bíi 350 nínú 360 ìwọ̀n yípo ara rẹ̀ láì yí ọrùn. Ibi méjì péré ni kò rí: ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ gan-an, àti iwájú orí rẹ̀ títí dé abẹ́ imú. Ọwọ́ tí ẹ ń nà sí funfun iwájú orí yẹn, ibi tó ti ń sọnù lójú rẹ̀ lẹ ń nà án sí. Ta ni ò ní ju orí?

Ohun tí à ń ṣe nílé wa nìyí. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀, kó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ dorí kọ èjìká rẹ̀, kì í ṣe ojú. Ẹ rìn bí ẹni tí kò kánjú, kí ẹ sì máa wo ilẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé ó gbé orí sókè tàbí tí ara rẹ̀ le, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ síwájú, ẹ má sì sá. Ẹ mí síta. Tó bá yí etí kan sí yín, tàbí tó rẹ orí wálẹ̀, tàbí tó ń lá ètè, tó ń jẹnu, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ bá iṣẹ́ yín. Lójú ẹṣin, kí ẹ fi òun sílẹ̀ ní kété tó ṣe dáadáa dùn mọ́ ọn ju ọkà bàbà lọ. Ohun tí òun bá ń ṣe nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀ ló máa kọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tó ju orí lẹ sá, orí jíjù lẹ kọ́ ọ yẹn.

Etí ni kí ẹ máa kà. Etí tó tọ́ka síwájú, nǹkan kan ló ń wò. Etí tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń sinmi. Ọ̀kan síwájú ọ̀kan sẹ́yìn, ó ń gbọ́ yín, ó sì ń gbọ́ nǹkan mìíràn. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọrùn pátápátá ni ìbínú, tàbí ìrora.

Dókítà Ẹran

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, "tàbí ìrora", ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí. Dókítà ẹran ni mí, agbègbè Lọ́kọ́ja ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí wọ́n ń pè ní ìkà, ara ló ń ro wọ́n. Ẹ má tíì bá a sọ̀rọ̀ ìwà títí ẹ ó fi mọ̀ pé ara rẹ̀ dá.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí gàárì máa ń jókòó sí: ṣé egbò wà, ṣé irun funfun hù níbi tí egbò ti jiná? Ẹ wo pátákò: ṣé ó ti gùn ju, ṣé ó ń rùn nísàlẹ̀? Ẹ ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù nígbà tó bá ń sinmi, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí iṣan ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun lẹ ti lè fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tó bá gbà fún yín. 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ. Ìgbóná ara rẹ̀ kò yẹ kó kọjá nǹkan bíi 38.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Tó bá ń jẹun tó sì ń rù, tí ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ ikùn ń wú, tí ibà ń wá tó ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ wò fún àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní sammore. Etí odò wa kò bọ́ lọ́wọ́ eṣinṣin yẹn. Àìsàn náà wà lára ohun tó fà á tí Ọ̀yọ́ àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo agbára ẹlẹ́ṣin rẹ̀, fi ní láti máa ra ẹṣin tuntun láti òkè ọ̀hún ní gbogbo ìgbà. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rà lọ́jà tó ń gún fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Kí lẹ ń fún un?

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Mo kí gbogbo yín. Mo gbé Kàdúná pẹ́, mo sì rí ẹṣin pólò tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ máa bẹ ẹran. Ẹran tó wúwo ju 300 kìlógíráàmù lọ, tí kò bá bẹ̀rù yín, á tẹ̀ yín pa lọ́jọ́ kan. Ọ̀wọ̀ kò sí láìsí ẹ̀rù. Nígbà tiwa, pàṣán méjì tó dára, ẹṣin á mọ ọ̀gá rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Yàgbà

Ẹ ṣé, bàbá. Mo gbọ́.

Dókítà, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, koríko tí a bá gé, àti ọkà bàbà tàbí àgbàdo èyí tó bá wà. Mo wò ó bó ṣe ń jẹun lẹ́yìn tí mo ka ohun tí ẹ kọ. Ó ń yí orí sí apá kan tó bá ń rún oúnjẹ, koríko tó ti rún dà á sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ìdì kéékèèké. Apá ọ̀tún ló sì máa ń jù sókè jù tí mo bá na ọwọ́. Ìjánu tí wọ́n fi gùn ún lọ́jọ́ ìwúyè ṣì wà nílé. Irin ni, ó ní òrùka ńlá kan tó ń yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká, irin pẹlẹbẹ kan tún wà tó ń wọlé lọ kan òkè ẹnu.

Dókítà Ẹran

Ó yé mi. Ẹṣin tó ń tu oúnjẹ tó ti rún dànù báyìí, eyín rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Eyín ẹṣin kì í yéé jáde láti inú egungun títí ọjọ́ ogbó, lílọ̀ tó ń fi wọ́n lọ koríko ló ń mú wọn dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, etí eyín á mú, á máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n. A máa ń fi fáìlì rẹ́ ẹ. Irú ìjánu tí ẹ ṣàlàyé yẹn le gan-an, mo ti rí ẹnu tó fi ọgbẹ́ sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló ń dá ààbò bò, kì í ṣe pé ó kórìíra yín.

Ẹ dákun, èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ dá a dúró lónìí. Oró wà nínú rẹ̀. Àgbàdo tó ti bu, kódà bó bá jẹ́ díẹ̀ ló bu, ẹ má fún un láéláé: oró olú inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹṣin kì í lè bì. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, inú rírun sì ń pa wọ́n kíá. Ikùn rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀, nítorí náà koríko ni kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́: eèsún tó tutù, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, koríko pápá. Omi, 20 sí 40 lítà lóòjọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Jagunlabí Kàbbà

Èyí ni pé gbogbo ìkà tí wọ́n ní ẹṣin yìí ń hù, eyín ló ń dùn ún? Ó dáa, mo mú ẹnu kúrò nínú títà. Títí di ìgbà tí mo bá rí i.

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin Ilọrin

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀, ẹ má bínú pé mo ń dá yín lóhùn. Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ. Ẹṣin tó ń fi èjìká ti ènìyàn, tó ń wọ orí ẹni, ewu ni, ìfẹ́ nìkan ò sì ní wò ó sàn. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àyè yín jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ẹṣin ṣe ń kọ́ ara wọn. Abo àgbà á kọ́kọ́ pa etí dé. Tí ọmọdé ò bá gbọ́, á na ọrùn sí i. Tí kò bá tún gbọ́, á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè. Ìgbà yẹn ló tó wá ta á nípàá. Bí ọmọdé bá sì ti kúrò, ọ̀rọ̀ tán, wọ́n á tún jọ máa jẹ koríko.

Pípa tí ẹṣin Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ń pa etí dé yẹn, ìkìlọ̀ ni. Ó ń ṣe dáadáa! Bí a bá nà án nítorí ìkìlọ̀, kò ní kìlọ̀ mọ́. Á dákẹ́, etí rẹ̀ á wà jẹ́jẹ́, ọjọ́ kan á kàn ta ẹsẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ irú àwọn ẹṣin bẹ́ẹ̀, wọ́n pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ń háyà fún ayẹyẹ. Àwọn ènìyàn á ní "ó tutù". Kò tutù, ó ti sú u ni.

Tó bá fẹ́ wọ àyè yín, Àǹtí, ẹ nàró, ẹ máa ju ẹnu okùn lọ ju ẹnu okùn bọ̀ níwájú yín, títí á fi sún ìgbésẹ̀ kan péré sẹ́yìn. Ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ìbínú ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, nítorí ìbínú ènìyàn máa ń pẹ́ ju ẹ̀ṣẹ̀ ẹṣin lọ.

Tíṣà Mọ̀pà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan há a. Ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilhelm von Osten ní ẹṣin kan, Hans, tí gbogbo ayé gbà pé ó mọ ìṣirò. Ẹ bi í pé mélòó ni mẹ́ta àti mẹ́rin, á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, á dúró. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó, wọn ò rí ẹ̀tàn kankan. Oskar Pfungst ló tú u wò, tó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1907. Ó rí i pé bí ẹni tó ń béèrè fúnra rẹ̀ ò bá mọ ìdáhùn, ẹṣin náà ò ní mọ̀ ọ́n. Ara ẹni náà ni Hans ń kà. Bí lílù bá ti pé iye tó yẹ, orí ẹni tó béèrè á mira díẹ̀, ara rẹ̀ á sì tú, láì jẹ́ pé òun alára mọ̀. Ẹṣin á dúró. Pfungst gan-an gbìyànjú kó má ṣe é, kò rọrùn fún un.

Àwọn kan ní ìtàn yìí fi hàn pé ẹṣin gọ̀. Èmi ò gbà. Ta ni nínú wa tó lè ka ara ẹlòmíràn tó báyẹn?

Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fọ́tò ojú ènìyàn han ẹṣin, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń bínú. Èyí tó ń bínú, ojú òsì ni wọ́n fi ń wò ó jù, ọkàn wọn sì tètè ń lù kíákíá. Fọ́tò lásán o. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, tí o bá ń lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀rù pé á ta ọ́ nípàá, ó ti kà á lára rẹ kí o tó dé ìdí máńgòrò. Ẹ̀rù tirẹ á di ẹ̀rù tirẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé òun ni ò ń bẹ̀rù. Ó rò pé o rí nǹkan kan nínú igbó.

Ìyá Ìbejì Ìyàrà

Mò ń kà yín, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi gan-an ò tíì rí irú ìtọ́jú yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀? Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni mò ń sìn, mi ò mọ ẹṣin, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹran tó ń rìn lágbo, tí ẹ bá dá a so, orí rẹ̀ ò ní pé.

Dókítà Ẹran

Ìyá Ìbejì mọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti orúnkún pa. Oorun àsùnwọra ni kò lè sùn àfi tó bá dùbúlẹ̀, kò sì ní dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀. Nínú agbo, ọ̀kan máa ń dúró ṣọ́ àwọn yòókù. Èyí tó dá wà ló ń ṣọ́ ara rẹ̀ tọ̀sán tòru. Tí ẹṣin kejì ò bá ṣeé rà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dára, ewúrẹ́ sàn ju òfìfo lọ. Okùn ẹsẹ̀ yẹn náà, ẹ jẹ́ kí ó gùn, tàbí kí ẹ fi ọparun ṣọgbà kí ẹ tú u sínú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Yàgbà

Mo padà wá jábọ̀ díẹ̀. A ti fi ọparun ṣọgbà láti ìdí máńgòrò dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ewúrẹ́ ìyá mi fúnra wọn ló wọlé, kò lé wọn. Èèpo ẹ̀gẹ́ ti dópin.

Mo pe ọmọkùnrin yẹn ní Sókótó. Ó ní òun máa ń súfèé láti ẹnu ọ̀nà kí òun tó yọ, àti pé òun ò fọwọ́ kan ojú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé Ìsánlú, "ẹnu ń dùn ún". Ó ti mọ̀! Kò sẹ́ni tó bi í.

Èmi náà ń súfèé báyìí, àwọn ará àdúgbò ń wò mí. Mo máa ń gbé iṣẹ́ ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ lọ máàkì lórí odó. Ó máa ń jẹ koríko wá sí ìtòsí, á gbọ́ òórùn ìwé, á lọ. Tí mo bá dìde, etí á tún lẹ̀. Tí àbúrò bàbá mi bá yọ, kódà láti ojú títì, á sá lọ sí igun ọgbà tó jìnnà jù. Níbo ni kí n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án?

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin Ilọrin

Ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, lókè èjìká, níbi tí irun ọrùn ti pin. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn ti ń fi eyín họ ara wọn, ọkàn wọn sì máa ń rọlẹ̀ tí ènìyàn bá họ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má gbá a pẹ́pẹ́ bíi ti ajá, ẹ họ ọ́. Apá òsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀tún tó ń dùn ún sílẹ̀. Ẹ họ ọ́ díẹ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò kó tó sú u. Tó bá tẹ̀lé ọwọ́ yín, ó ń béèrè sí i. Tó bá rìn lọ, rárá ló sọ, ẹ gbà fún un. Tó bá ti mọ̀ pé ẹ máa ń gbọ́ rárá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ti àbúrò bàbá yín, ẹ ní kó má mú pàṣán dání tó bá ń kọjá. Ẹṣin kì í gbàgbé ojú.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Èmi ṣì sọ pé kí okùn wà lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo ìgbà, má sì dúró lẹ́yìn ìdí rẹ̀ láéláé. Àmọ́ ti eyín yẹn, ó yẹ kí a wò ó. Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin pólò náà máa ń wo eyín, mo rántí. Ta ló máa ṣe é, ní Ìsánlú?

Ọmọ Ẹlẹ́ṣin Ilọrin

Ìjánu olórùka yẹn, ẹ má dá a padà sí i lẹ́nu bí wọ́n bá tiẹ̀ tún fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ ọdún. Ẹ wá èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ méjì tó so kọ́ra láàárín, tí kò ní òrùka àgbọ̀n. Fún fífà kiri lásán, okùn orí tí kò ní irin ti tó.

Dókítà Ẹran

Bàbá, èmi ni mo máa ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀ ní Kàbbà, mo lè kọjá sí Ìsánlú lọ́sàn-án. Àbẹ̀kẹ́, ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè é mọ́lẹ̀ kí n tó dé, oògùn tó ń mú ara wálẹ̀ ni mo máa lò. Ẹ wá ibi tí òjìji wà àti garawa omi méjì. Ọmọ tó máa ń jókòó sórí odó yẹn, kó wà nílé.